Láti Ọkọ̀ Ìhunṣọ dé Ọkọ̀ Toyota

Ní ibùdókọ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn awakọ̀ máa ń sọ léraléra bí ẹni ń kí ara wọn: “Toyota kì í dá ni dúró sójú ọ̀nà.” Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti gba ìṣirò gbọ́, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 2017. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ baba mi jẹ́ pátápátá ní àárín Pobè àti Sakété, tí baba fúnra wọn sì jókòó sí ẹ̀yìn mi. Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò níwájú ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí pé ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo wádìí ìtàn ilé iṣẹ́ náà yàtọ̀ gidigidi sí ohun tí a ń sọ ní ibùdókọ̀.

Baba mi wa ọkọ̀ èrò fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Peugeot 404 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní bâchée, tí èrò mẹ́jọ mẹ́sàn-án máa ń há sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀. Láti Kétu dé Àjàṣẹ́ ni ọ̀nà wọn. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ Faransé ni awakọ̀. Páànù lásán ni wọ́n ka àwọn ọkọ̀ Japan sí, baba mi náà sì máa ń bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2001, 404 náà ti di ohun tí a ń fi okùn so kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má baà já bọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn kan tí ń gbé ní Kùtọ̀nú mú wọn lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù tí ó ti Yúróòpù wọlé, irú èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní tòkunbọ̀. Toyota Carina E kan, aláwọ̀ eérú, ni wọ́n rà níbẹ̀. Ẹni tí ó tà á búra pé kìlómítà 98,000 péré ni ó ti rìn, nọ́ńbà náà sì hàn kedere níwájú awakọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì, tí a kọ ní èdè Jámánì. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí ó pé kìlómítà 214,000. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rìn tó báyìí tí kò kú, kò ní kú sí mi lọ́wọ́.”

Kò sì kú sí wọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi wà á. Inú ọkọ̀ náà ni owó ilé ẹ̀kọ́ àwa ọmọ márùn-ún ti jáde, títí kan èyí tí ó sọ mí di olùkọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ojoojúmọ́ ni baba máa ń ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, wọn yóò wo omi, wọn yóò wo òróró, wọn yóò fi ọwọ́ tẹ gbogbo róòbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá iṣan lára aláìsàn. Bí wọ́n bá sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n gbọ́ ìró tí kò bá wọn lára mu, abẹ́ igi ni wọ́n ń yà sí. Àwọn èrò yóò máa kùn: ọjà ń tú, òkú ń dúró de ẹni tí yóò sin ín, ọjọ́ ń lọ. “Ẹ dúró ná,” ni èsì kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń gbọ́. Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n ní Baba Dúró-ná nìyẹn, orúkọ tí ojú máa ń ti àwa ọmọ wọn láti gbọ́ ní gbangba.

Ní ọdún 2014 ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi ìka kan abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, wọ́n ní, “Bí èyí bá kọjá àárín, dúró. Má bi í ní ohunkóhun, dúró ná.” Mo ní mo ti gbọ́.

Nínú oṣù kejì ọdún 2017 yẹn, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni dókítà ojú kan ní Kùtọ̀nú dá fún wa. A kúrò ní Kétu ní aago márùn-ún ààbọ̀, ṣùgbọ́n a pẹ́ ní Pobè. Nígbà tí a jáde ní ìlú náà, mo rí i pé abẹ́rẹ́ ti kọjá àárín. Mo wo aago, mo sì tẹ ọkọ̀ síwájú. Láìpẹ́, baba, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ ara wọn mọ́, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: “Mo ń gbọ́ òórùn omi gbígbóná.” Mo dáhùn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo fi dáhùn gan-an: “Baba, ẹ fọkàn balẹ̀, Toyota ni. Yóò gbé wa dé.” Wọn kò tún sọ̀rọ̀. Bóyá kìlómítà márùn-ún ni a tún rìn kí èéfín funfun tó bo gíláàsì iwájú, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ bí ẹni tí a fi ọwọ́ bò lẹ́nu.

Mo mú wọn jókòó sí ìdí ọ̀pẹ kan. Wọn kò bá mi wí. Mo rò pé bí wọ́n bá bá mi wí ni, ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Dókítà kò lè tún rí wa títí di oṣù karùn-ún.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn Toyota nìyí. Inú bí mi, mo sì fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún aráyé pé ọkọ̀ yìí kì í bàjẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá rí ní èdè Faransé ni mo kà ní àsìkò ìsinmi Ọdún Àjíǹde, èmi kò sì rí ẹni náà. Ẹni tí mo rí ni ahunṣọ.

Sakichi Toyoda ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1867 ní abúlé kan tí ó wà lábẹ́ ìlú Kosai lónìí, ní ìpínlẹ̀ Shizuoka ní Japan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni baba rẹ̀. Ní abúlé náà, àwọn obìnrin ni ó máa ń hun aṣọ nínú ilé, iṣẹ́ náà sì ń tán wọn lókun. Sakichi fi iṣẹ́ igi tí ó kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀ ṣe àtúnṣe sí òfì wọn, nígbà tí ó sì di ọdún 1891 ó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ìjọba, pé òun ni ó ṣẹ̀dá òfì onígi kan tí a lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo wa. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní ọdún 1930, òfì ni ó fi ayé rẹ̀ ṣe.

Mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀. Ní èdè tiwa, igi tí a fi ń gbé òwú kọjá láti ìhà kan òfì sí ìhà kejì, ọkọ̀ ni à ń pè é, ọkọ̀ ìhunṣọ. Orúkọ yìí kan náà ni a fún èyí tí ń rìn lórí omi, òun ni a sì fún èyí tí ń rìn lórí ilẹ̀ nígbà tí ó dé. Àwọn baba wa tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ̀ pé ní ìlà oòrùn ayé, ìdílé kan yóò sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kìíní, yóò sì wọ inú èkejì. (Àwọn Faransé náà ń pe ti òfì ní navette, wọ́n sì ń fi orúkọ náà pe ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan. Nítorí náà, àwa nìkan kọ́ ni a rí i.)

Òfì tí ó sọ Sakichi di olókìkí ni èyí tí ó parí ní ọdún 1924, tí wọ́n pè ní Type G. Ohun méjì ni ó ń ṣe tí ẹnu yà mí sí. Bí òwú inú ọkọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ tán, ó ń fi ọkọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n bí òwú bá já, ó ń dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Òfì tí ń fi agbára ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tí kò ní irú ọgbọ́n yìí kò mọ̀ bóyá òwú já tàbí kò já. Yóò máa hun aṣọ oníhò lọ ni títí ẹnìkan yóò fi rí i, ènìyàn sì ní láti dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ jòjòló. Òfì tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró sọ ẹni náà di òmìnira: ènìyàn kan lè bójú tó ọ̀pọ̀ òfì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá baba mi hun kíjìpá títí ọjọ́ ogbó wọn. Mo rántí pé bí òwú bá já, ọwọ́ wọn ti dúró kí ojú wọn tó rí i. Wọn yóò so ó, wọn yóò fi itọ́ yí i, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé mo bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi hun ún kọjá kí wọ́n padà wá so ó nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni baba mi ti kọ́ “dúró ná”. Èmi ni n kò kọ́ ọ.

Àṣà Sakichi yìí ni àwọn ará Japan ń pè ní jidoka nínú iṣẹ́ Toyota títí di òní: kí ẹ̀rọ, tàbí ẹni tí ń lò ó, dúró nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kí àbùkù má baà kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà náà, fohùn ṣọ̀kan láti ra ẹ̀tọ́ òfì náà ní 100,000 pọ́n-ùn. Ẹ fojú inú wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí aṣọ wọn kún gbogbo ọjà wa ní ìgbà ayé àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń ra ọgbọ́n òfì lọ́wọ́ ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ará Japan. Kiichiro, ọmọ Sakichi, ni ó lọ bá wọn dúnàádúrà.

Kiichiro ni ó fẹ́ ṣe ọkọ̀. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Tokyo, ojú rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe. Ní ọdún 1933 ó dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ òfì baba rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, G1, jáde ní ìparí ọdún 1935, ó sì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin awakọ̀ Kétu, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ènìyàn ilé iṣẹ́ náà a máa lọ bá àwọn ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n bá kú sí, wọn a tún wọn ṣe, wọn a sì gbé ìròyìn ohun tí ó ṣẹ́ padà wá fún àwọn tí ń ṣe é. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn àkọ́kọ́, Model AA, tẹ̀ lé e ní ọdún 1936. Ọdún náà ni wọ́n yí Toyoda padà sí Toyota. Pápá ìrẹsì tí ó lọ́ràá ni Toyoda túmọ̀ sí. Bí a bá sì kọ Toyota ní ọ̀nà ìkọ̀wé wọn kan, ìgbà mẹ́jọ ni a ó fa kálàmù, nọ́ńbà mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ńbà oríire lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìlú Koromo ni wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá wọn sí, ìlú náà sì gba orúkọ Toyota ní ọdún 1959.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, díẹ̀ ni ó kù kí ohun gbogbo parí. Ní ọdún 1950 owó tán, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, Kiichiro sì fi ipò sílẹ̀ láti gba ẹ̀bi náà sí ọrùn ara rẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní Kòríà, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì wá ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́dọ̀ wọn lọ́pọ̀ yanturu. Ogun àwọn aládùúgbò ni ó gbà wọ́n là. Ìtàn kò bo ìyẹn, èmi náà kò ní bò ó. Kiichiro kú ní ọdún 1952, ní ẹni ọdún 57, kò sì rí ohun tí orúkọ náà dà.

Ẹni tí ó mú ọgbọ́n òfì wọ inú ilé ẹ̀rọ ọkọ̀ ní tòótọ́ ni Taiichi Ohno, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú ìdílé náà kí ó tó bọ́ sí ti ọkọ̀. Ní àwọn ilé ẹ̀rọ ọkọ̀ púpọ̀ láyé nígbà náà, èèwọ̀ ni kí iṣẹ́ dúró: bí òṣìṣẹ́ bá rí àbùkù, kí ó jẹ́ kí ó kọjá, àwọn alátùn-únṣe yóò rí sí i ní ìparí. Ọ̀nà mìíràn ni Toyota gbà. Okùn kan wà lókè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá rí àbùkù, ì báà jẹ́ ẹni tí ó gba iṣẹ́ lánàá, ó lè fà á. Iná yóò tàn, ọ̀gá yóò wá. Bí wọn kò bá sì rí i yanjú láàárín àkókò tí a yàn, gbogbo ìlà iṣẹ́ yóò dúró. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí nítorí pé ó fà á. Lẹ́yìn náà, Ohno a máa ní kí wọ́n béèrè “kí ló dé?” lẹ́ẹ̀marùn-ún, nítorí pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò.

Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ara mi. Kí ló dé tí ọkọ̀ baba mi kú? Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní joint de culasse ti jóná, orí ẹ́ńjìnnì sì ti wọ́. Kí ló dé tí ó jóná? Omi kò sí nínú rádíétọ̀. Kí ló dé tí omi kò sí? Róòbà tí ń gbé e ti ya. Kí ló dé tí ó ya? Ó ti ń jò láti ọdún méjì ṣáájú, èmi sì ní kí mẹkáníìkì fi róòbà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í, nítorí pé mo fẹ́ fi owó tuntun ra nǹkan mìíràn. Kí ló dé tí èmi, ọmọ Baba Dúró-ná, fi róòbà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún méjì láìwò ó? Orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ti fi orúkọ rọ́pò ojú.

Àwọn tí ó ni orúkọ náà kò fìgbà kan gbẹ́kẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ní àwọn ọdún tí wọ́n ń gòkè bọ̀. Ní ọdún 1957 wọ́n gbé ọkọ̀ Crown lọ tà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí ó dára fún ọ̀nà Japan ìgbà náà ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà ńlá California, agbára rẹ̀ kò tó, ó sì ń gbọ̀n bí a bá sá eré. Ní ọdún 1960 wọ́n dá títa rẹ̀ níbẹ̀ dúró. Wọ́n padà sílé, wọ́n ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì tún gbé Corona lọ ní àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ará Amẹ́ríkà rà á. Corolla jáde ní ọdún 1966. Nígbà tí ó di ọdún 2021, iye tí wọ́n ti tà lábẹ́ orúkọ náà ti lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù. Hiace tí ń kó èrò wa jáde ní ọdún 1967, Hilux tẹ̀ lé e ní 1968.

Ọkọ̀ tiwa, Carina E, ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kọ́ ilé ẹ̀rọ kan sí Burnaston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Carina E ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde níbẹ̀, ní ìparí ọdún 1992. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tí a ń pè ní ọkọ̀ Japan jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ará Derbyshire ni ó ti jáde, pẹ̀lú okùn kan náà lókè orí wọn, kí ará Jámánì tó wà á, kí ó tó gba orí òkun dé Kùtọ̀nú.

Ìgbà kan wá dé tí òwú já tí òfì kò dúró. Ní ọdún 2008, Toyota ta ọkọ̀ ju General Motors lọ, ó sì di ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó tóbi jù lágbàáyé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan bú gbàù ní Amẹ́ríkà: ẹní ìtẹ́lẹ̀ lè há mọ́ ohun tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn sì rèé, ohun náà kì í tètè padà sókè bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ ń sáré lọ láìgbọ́ràn. Àwọn ènìyàn kú. Ọkọ̀ tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ní oṣù kejì ọdún 2010, Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé àwọn dàgbà ní ìwọ̀n eré tí ó ju agbára àwọn lọ. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí pé kò sọ òtítọ́ tán fún àwọn oníbàárà nígbà náà. Ní ìparí ọdún 2023 pẹ̀lú, Daihatsu, tí ó wà lábẹ́ Toyota pátápátá, dá gbígbé ọkọ̀ jáde dúró nígbà tí ó hàn pé wọ́n ti ń ṣe màgòmágó nínú ìdánwò ààbò láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo ka ti Akio, mo rí ara mi nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ mi kò tó ti ẹnikẹ́ni láti dárúkọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló wá dé tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi ń pẹ́ lọ́wọ́ wa? Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ẹ́ńjìnnì àwọn ti àtijọ́ kò ní ìdíjú púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ọdún méjì lè tú u kí ó sì tò ó padà. Nítorí pé wọ́n pọ̀, ohun èlò wọn kò wọ́n, láti Kùtọ̀nú dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ohun kẹta ni àwọn ènìyàn bíi baba mi, tí a kì í kà mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ kan bá pé ogún ọdún lójú ọ̀nà Kétu, ẹ béèrè ẹni tí ń ṣí ìbòrí rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Àwọn àbúrò mi ní kí a ta òkú ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà. Èmi kò gbà. Mo lọ sí Kùtọ̀nú láti wá ẹ́ńjìnnì àlòkù. Láti oṣù kìíní ọdún náà ni Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, àwọn ọgbà ọkọ̀ tí mo mọ̀ sì ti ń dá. Oníṣòwò kan jókòó láàárín ọkọ̀ tí eruku ti bò, ó ń ṣeré ayò pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí mo rí rà gba owó oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tí ó fi sí i ní Pobè bi mí bóyá kí òun tún fi róòbà àtijọ́ di ọkọ̀ náà kí owó lè dínkù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ o.” Mo ní kí ó sọ ọ́ nù.

Ní oṣù karùn-ún a tún mú ọ̀nà Kùtọ̀nú pọ̀n. Dókítà rí ojú ọ̀tún tún ṣe. Ó ní ti òsì ti kọjá àtúnṣe, ó sì bi wá ní ìdí tí a fi pẹ́. Èmi ni mo dáhùn, baba kò sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, baba ní iwájú ni àwọn yóò jókòó sí. A kò tíì jáde ní Kétu tí wọ́n fi béèrè: “Níbo ni abẹ́rẹ́ wà?” Mo ní, “Àárín ni, Baba.” Ní Pobè wọ́n tún béèrè, mo tún dáhùn. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí ọ̀pẹ yẹn wà, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí ìbòrí rẹ̀. Ohunkóhun kò ṣe é. Baba fi ọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ títí wọ́n fi dé iwájú, wọ́n na ọwọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ róòbà náà.

“Tuntun ni?”

“Tuntun ni, Baba.”

“Ó dára. Jẹ́ kí a máa lọ.”